Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Ìyá Wa: Àyẹ̀wò Àwọn Ìwé Àtijọ́ tí a fi ń Wá Ìran Ìdílé ní Àkókó

Ìfẹ́ láti mọ orísun ìdílé ti gba ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àkókó ní ọdún wọ̀nyí. Ó ṣọ̀wọ́n kí a sin àgbà kan ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà tàbí ní Àkùngbá kí a má tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan, nínú èyí tí a ó ka ìran olóògbé náà láti ọ̀dọ̀ baba dé ọ̀dọ̀ baba ńlá. Àwọn ọmọ tí ó wà ní òkè òkun pẹ̀lú a máa ránṣẹ́ sílé láti bèèrè pé: Ta ni baba baba wa, irú iṣẹ́ wo ni ó sì ṣe? Ìbéèrè rere ni. Ẹni tí ó mọ orúkọ baba ńlá rẹ̀ mọ orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà tí ó gbà jẹun, ọjà tí ó ná, àwọn tí ó bá dòwò pọ̀, òrìṣà tí ó bọ, àti ẹ̀kọ́ tí ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ète ìwé yìí ni láti yẹ àwọn àkọsílẹ̀ tí a sábà máa ń lò fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ti ń yẹ ẹlẹ́rìí wò, kí a lè mọ ohun tí olúkúlùkù lè jẹ́rìí sí, àti ohun tí kò lè jẹ́rìí sí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìwé kì í dáhùn ju ohun tí ẹni tí ó pilẹ̀ rẹ̀ bèèrè lọ. Àti pé nínú gbogbo àwọn tí ó di kálámù mú láti kọ nípa wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó bèèrè iṣẹ́ ọwọ́ ìyá. Nítorí náà ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìwé nìkan yóò pàdánù ìdajì ilé rẹ̀. Ní Àkókó, ìdajì náà gan-an ni ó fi aṣọ bò wá.

I. Òṣùwọ̀n

Kí a tó díwọ̀n ìwé àwọn ènìyàn, ó yẹ kí a ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Àwọn tí ń ka Bíbélì a máa yára fo àwọn orí tí ó kún fún orúkọ nínú Ìwé Kíní Kíróníkà kọjá, bí ẹni pé kò sí oúnjẹ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi sùúrù ka orí kẹrin yóò rí i pé láàrin àwọn ìran Júdà, ẹ̀yà tí ọba Dáfídì ti jáde wá, òǹkọ̀wé náà dúró láti sọ̀rọ̀ àfonífojì kan tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń gbé, ti ìdílé kan tí ń ṣiṣẹ́ aṣọ ọ̀gbọ̀ dáradára, àti ti àwọn amọ̀kòkò tí ń ṣe iṣẹ́ ọba. Kò kà á sí àbùkù láti kọ ahunṣọ àti amọ̀kòkò sínú ìwé kan náà pẹ̀lú àwọn ọba. Òun náà ka ìdílé wọ̀nyí mọ́ orúkọ baba, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà rẹ̀. Síbẹ̀ ó kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì sọ ibi tí a ti ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí ṣe òṣùwọ̀n: ìwé ìran tí ó pé a máa dárúkọ ènìyàn, a máa dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, a sì máa dárúkọ ibi tí ó ti ṣe é.

II. Àwọn ìwé ilẹ̀ Sàró

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun kò jẹ́ kí Àkókó sinmi. Àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń ti Bídà sọ̀ kalẹ̀ wá kó ènìyàn, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀, títí Kámpánì Niger fi ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kìíní ọdún 1897. Àwọn ológun Ìbàdàn náà gba apá kejì wá. Bí ìyà ti rí níhìn-ín ni ó rí jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí a kó tí a sì tà sí etí òkun kò níye. Nínú wọn, ọ̀pọ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà padà lójú omi, tí wọ́n sì kó gúnlẹ̀ sí Freetown. Láti ọdún 1808 wá ni àwọn akọ̀wé ìjọba níbẹ̀ ti ń kọ orúkọ àwọn tí a dá sílẹ̀ sínú ìwé ńlá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣa àwọn orúkọ jọ láti inú ìwé Freetown àti ti Havana, orúkọ 91,491 ni wọ́n rí, ẹnikẹ́ni sì lè kà wọ́n lónìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìwé yìí yẹ ní ìyìn fún ohun kan: orúkọ ilé ni ó kọ, kì í ṣe orúkọ tí olówó ẹrú sọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ni akọ̀wé bèèrè? Ó bèèrè orúkọ. Ó wò bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó fojú díwọ̀n ọjọ́ orí. Ó wọn gíga rẹ̀. Ó sì kọ ilà àti àpá tí ó wà lára rẹ̀. Ìdí tí ó fi bèèrè nǹkan wọ̀nyí kò pamọ́: ó fẹ́ kí a lè dá ẹni náà mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tún mú un lẹ́rú. Iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kí a tó kó o kò kan òfin náà. Akọ̀wé wọn ahunṣọ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, kò sì bi í léèrè bóyá ó mọ aṣọ í hun.

Ẹlẹ́rìí tí ó sàn jù èyí lọ ni S. W. Koelle, ará Jámánì, tí Ẹgbẹ́ C.M.S. rán lọ sí Freetown, tí ó sì tẹ ìwé Polyglotta Africana jáde ní ọdún 1854. Ọkùnrin yìí pe àwọn tí a dá sílẹ̀ jókòó, ó sì jẹ́ kí wọ́n sọ ti ẹnu wọn: ìlú tí a bí wọn sí, bí a ti mú wọn, àti iye ọdún tí wọ́n ti lò ní Sàró. Nínú ìwé rẹ̀ ni a ti rí ọ̀rọ̀ àwọn ará Yàgbà, ti Ìjùmú àti ti Òwòrò, tí wọn kò jìnnà sí wa, àti ti àwọn ará Oloma tí àwọn onímọ̀ èdè kà mọ́ Àkókó-Ẹdó. Nígbà tí P. E. H. Hair yẹ ìtàn wọn wò ní ọdún 1965, ó rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni ogun kó. Àwọn yòókù, àwọn ajínigbé ni ó gbé òmíràn, a ta òmíràn nítorí gbèsè, a sì ta òmíràn nítorí ẹjọ́.

Bí ó ti wù kí Koelle ṣe wúlò tó, èdè ni ó ń wá. Ó bèèrè bí a ti ń pe irin, ọkọ́, àáké, ìkòkò, ọrun àti ọfà ní èdè olúkúlùkù, tó bẹ́ẹ̀ tí olùkàwé lè rí ohun èlò iṣẹ́ láìrí ẹni tí ó ni í. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọkùnrin ni gbogbo àwọn tí ó bá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin ni ó sọ fún un bí a ti ń pe ìkòkò; obìnrin tí ó mọ ọ́n kò sí níbẹ̀.

III. Lẹ́tà Crowther

Àwọn kan yóò wí pé: Bí akọ̀wé ìjọba kò bá bèèrè, dájúdájú ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ yóò sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a yẹ èyí tí ó lókìkí jùlọ wò. Ní oṣù kejì ọdún 1837, Samuel Ajayi Crowther kọ lẹ́tà láti Sàró nípa bí a ti kó o ní Òṣóògùn ní ọdún 1821, àti bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Kò sí Kristẹni Yorùbá tí kò yẹ kí ó ka lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n ogun ni ó gba àyè inú rẹ̀: iná tí ó jó ìlú, okùn tí a fi so ọrùn wọn pọ̀, bí a ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ lẹ́yìn náà, tí wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé, ni a ti mọ̀ pé ahunṣọ ni àwọn ará ilé baba rẹ̀. Ní Sàró ni òun tìkára rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, kí ó tó di olùkọ́, àlùfáà, àti bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864.

Ẹ kíyèsi ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí. Ká ní ìwé Sàró nìkan ni ó kù fún wa, à bá sọ pé ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Òfì Òṣóògùn ìbá sì ti parẹ́ pátápátá. Ìtàn ilé ni ó gbà á là. Ní ti ìyá rẹ̀, Àfàlà, a mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ tún rí i ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, pé a rì í bọmi ní ọdún 1848 tí a sì sọ ọ́ ní Hannah, àti pé ó kú ní ọdún 1883. Ọdún mẹ́ta ni a lè ka lé orí rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ obìnrin ìgbà náà lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn tí ó fẹ́ràn ìtàn Crowther jùlọ léèrè pé iṣẹ́ wo ni Àfàlà fi tọ́ ọmọ, ẹnu wọn yóò wọhò.

IV. Ìwé Johnson

Ìwé tí àwọn tí ń kọ ìtàn ìdílé kọ́kọ́ máa ń ṣí ni ìwé Ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní ọdún 1897. Ó sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ìbá tẹ̀ ẹ́; Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, tún un kọ láti inú ohun tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́. Kò sí ẹni tí yóò fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Johnson kò fi ọba àti ogun nìkan kún un. Ó ya àyè sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, òwò, aṣọ híhun, irin yíyọ àti iṣẹ́ ọnà mìíràn, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin.

Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni ojú rẹ̀ wà. Àkókó wọ inú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí a lọ jagun sí, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí a ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ìpalára ti ń wọlé nìyí, kì í sì í ṣe láti ọwọ́ Johnson bí kò ṣe láti ọwọ́ àwọn tí ń da ìwé rẹ̀ kọ. Ní Ọ̀yọ́ àti Ìṣẹ́yìn, ọkùnrin ni ó máa ń jókòó sídìí òfì tí ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rán pọ̀. Ní Àkókó, gẹ́gẹ́ bí ní Ọ̀wọ̀ àti Èkìtì, obìnrin ni ó ni òfì: òfì ìnàró tí a gbé ti ògiri nínú ilé, tí ń hun aṣọ fífẹ̀, irú èyí tí a ń pè ní kíjìpá. Òun náà ni ó máa ń ran òwú, òun náà ni ó sì máa ń pa á láró. Nítorí náà nígbà tí ọmọ Àkókó kan bá ka ọ̀rọ̀ nípa ahunṣọ nínú ìwé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá baba ńlá tí ó hun aṣọ, ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó ń kàn. Yàrá ìyá ni kí ó lọ.

V. Ìwé ìrìbọmi

A dé ìdí ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá jùlọ, nítorí ọwọ́ àwa àlùfáà àti olùkọ́ ni ìwé yìí wà. Bí ọ̀pọ̀ ìjọ ní Àkókó kò bá ní ìwé tí ó gbó ju ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún lọ, síbẹ̀ àwọn tí a rì bọmi nígbà àgbà nínú wọn ti rí ayé kí òyìnbó tó dé. Kò sí ìwé mìíràn nílùú tí ó sún mọ́ ìdílé tó bẹ́ẹ̀.

Ó dára kí a mọ ibi tí ìlà ìwé náà ti wá. Ní ọdún 1812, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan tí ó pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọ máa lo ìwé títẹ̀ tí a ti fa ìlà sí fún ìrìbọmi. Láti ọdún 1813 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Àyè wà níbẹ̀ fún ọjọ́, fún orúkọ ọmọ, fún orúkọ baba àti ìyá, fún ibùgbé, fún iṣẹ́ tàbí ipò, àti fún orúkọ ẹni tí ó rì í bọmi. Baba àti ìyá ni a dárúkọ, ṣùgbọ́n àyè kan ṣoṣo ni a fi sílẹ̀ fún iṣẹ́, iṣẹ́ baba ni a sì máa ń kọ síbẹ̀. Òfin náà bá ilẹ̀ tí a ti ṣe é mu lójú àwọn tí ó ṣe é, nítorí wọ́n gbà pé baba ni ń bọ́ ilé. Ẹgbẹ́ C.M.S. kó àṣà yìí wọ inú ìjọ wa, ìlà kan náà sì ń bẹ nínú ìwé wa títí di òní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ti ìjọba: ó bèèrè iṣẹ́ ọkọ àti ti ìyàwó, ó bèèrè iṣẹ́ baba ọkọ àti ti baba ìyàwó, kò bèèrè ti ìyá wọn.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìlà yìí bọ́ sí ilẹ̀ tí obìnrin ti ń fi owó aṣọ tirẹ̀ rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ìyá tí ó hun kíjìpá tà ní ọjà Ìkàrẹ́, ìyá tí ó mọ ìkòkò ní Èrúṣú, ìyá tí ó fọ epo tí ó sì ṣe ọṣẹ, gbogbo wọn di orúkọ lásán nínú ìwé. Ní ti baba pàápàá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni akọ̀wé ìjọ máa ń fẹ́ràn láti kọ: àgbẹ̀. Irọ́ kọ́ ni, nítorí ta ni kò ní oko nígbà náà? Alágbẹ̀dẹ ní oko, agbẹ́gilére ní oko, ọdẹ àti onílù ní oko. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó bá gbogbo ènìyàn mu kì í dá ẹnìkan mọ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó bá rí i pé àgbẹ̀ ni a kọ sí iwájú orúkọ baba ńlá rẹ̀, kí ó má dúró níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí Ìjọ kò gbọdọ̀ gbójú fò. Orúkọ ilé wa máa ń gbé iṣẹ́ lọ́wọ́. Àyàn ń tọ́ka sí ìdílé onílù, Ọ̀jẹ̀ sí ìdílé eégún, Ọnà sí ìdílé àwọn tí ń gbẹ́ ọnà, Ọdẹ sí ìdílé ọdẹ. Ògún a máa tọ́ka sí alágbẹ̀dẹ, sí ọdẹ tàbí sí jagunjagun, Ifá sì sí ìdílé awo. Nígbà tí àwọn baba wa gba ìgbàgbọ́, ọ̀pọ̀ sọ Ògún di Olú, wọ́n sì sọ Ifá di Jésù tàbí Olúwa. A mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, a kò sì dá wọn lẹ́bi pé wọ́n fẹ́ kí orúkọ wọn jẹ́rìí sí ẹni tí wọ́n ń sìn. Ṣùgbọ́n àmì iṣẹ́ tí ó wà lára orúkọ bá òrìṣà lọ. Ìwé ìrìbọmi àwọn àgbà sì ni ibi kan ṣoṣo tí a ti lè rí orúkọ àtijọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ti tuntun. Ìjọ tí ó bá jẹ́ kí ikán jẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ kí ikán jẹ ẹlẹ́rìí tí kò ní arọ́pò.

VI. Ìwé ìjọba

Ìjọba òyìnbó fi ìwé púpọ̀ sílẹ̀ nípa Àkókó. Èyí tí ó jẹ́ ti Ẹkùn Ondó wà ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé Àtijọ́ ti ìjọba ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Nítorí pé apá kan Àkókó sì wà lábẹ́ Kàbbà rí, ó yẹ kí ẹni tí ń wá ìtàn apá náà rántí Kàdúná pẹ̀lú. Èyí tí a máa ń tọ́ka sí jùlọ ni àwọn ìwé ìwádìí tí àwọn ajẹ́lẹ̀ kọ ní àwọn ọdún 1930 lẹ́yìn. Rògbòdìyàn àwọn obìnrin ní ìlà-oòrùn ní ọdún 1929 ni ó fi han ìjọba pé kò mọ àwọn tí ó ń jọba lé lórí. Nítorí náà ni a fi rán àwọn ajẹ́lẹ̀ jáde láti ṣe ìwádìí. Ohun ìyanu ni pé obìnrin ni ó fa ìwádìí náà, ṣùgbọ́n oyè ọkùnrin ni a lọ ṣe ìwádìí rẹ̀. Ta ni olórí? Ibo ni wọ́n ti wá? Ilé wo ni ó ń jẹ ọba? Ìbéèrè wọ̀nyí ni a bèèrè, àwọn tí a sì bi léèrè mọ ohun tí ó wà nínú ìdáhùn fún wọn. Nítorí náà ẹ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti ka ọ̀rọ̀ ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ fún ogún: ó lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n èrè wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń sọ ọ́.

Ìwé tí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìdílé kì í kà sí ni ti ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀. Lójú tiwa, òun ni ó dára jùlọ nínú gbogbo wọn fún ohun tí a ń wá. Nílé ẹjọ́, ẹlẹ́rìí a máa sọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó sọ ohun tí ó rí. Obìnrin a sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀. Ẹjọ́ gbèsè a máa sọ ohun tí a tà láwìn: òwú ni, aṣọ ni, ìkòkò ni, tàbí epo. Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ a máa ka ẹrù tí ìyàwó kó wá àti èyí tí ó fi òógùn ojú ara rẹ̀ rà. Ajẹ́lẹ̀ tí ó wá ọba kò rí ìyá wa. Akọ̀wé kóòtù tí ó ń kọ ẹjọ́ gbèsè kò wá a, ṣùgbọ́n ó rí i.

VII. Ìwé tuntun tí a ń kọ

Nísinsin yìí, kí ni a ó wí nípa àwọn ìwé ìtàn ìdílé tí a ń tẹ̀ jáde láàrin wa? A dúpẹ́ pé wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka mẹ́wàá nínú wọn yóò ṣàkíyèsí pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà: baba ńlá ti Ifẹ̀ wá, ọmọ ọba ni, adé ni ó gbé lọ́wọ́, ó tẹ ìlú dó. Bí gbogbo ènìyàn bá jẹ́ ọmọ ọba, ta ni ó rọ ọkọ́ tí a fi ro oko? Ta ni ó hun aṣọ tí ọba wọ̀? Ìtìjú iṣẹ́ ọwọ́ ni ó bí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìtìjú náà kò sì ní ìdí. Òǹkọ̀wé Kíróníkà kò ní in.

Àṣìṣe kejì ni pé a kì í sọ ibi tí a ti rí ọ̀rọ̀. Ohun tí ìwé wí, ohun tí àgbà wí, àti ohun tí òǹkọ̀wé rò, a pò gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ. Àwọn ọmọ tí ń bọ̀ kò ní lè mọ èyí tí wọn ó gbára lé. Àṣìṣe kẹta lè pani lára: inú ìwé àtijọ́ a máa jáde pé ìwọ̀fà ni ẹnìkan, tàbí pé ogun ni ó gbé ìyá ńlá ẹnìkan wọ ilé. Òtítọ́ ni, kò sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tí ó bá rí i nínú ìwé ìjọ tẹ̀ ẹ́ jáde láìjẹ́ pé ìdílé náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. A kò fi kọ́kọ́rọ́ àpótí ìjọ lé wa lọ́wọ́ kí a lè fi dójú ti ẹnikẹ́ni.

Oríkì ńkọ́? Oríkì orílẹ̀ a máa rántí iṣẹ́ tí ìwé gbàgbé, ẹnu obìnrin ni ó sì ti máa ń jáde jùlọ. Ẹlẹ́rìí pàtàkì ni. Síbẹ̀ ìyìn ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìṣirò. Oríkì a sì máa bá ìyàwó àti ẹrú rìn láti ilé dé ilé. Ohun tí oríkì bá sọ, kí a wá irinṣẹ́ tí ó bá a mu nínú ilé, èèwọ̀ tí ó bá a mu, tàbí ibi tí a ti ṣe iṣẹ́ náà: ojú àgbẹ̀dẹ àtijọ́, ihò amọ̀, ògiri tí a gbé òfì tì. Bí mẹ́ta bá pa ẹnu pọ̀, a lè gbà á.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Àkọ́kọ́, kí àwọn olùkọ́ rán àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ bá àwọn ìyá àgbà tí ó ti jókòó sídìí òfì rí, kí wọ́n kọ orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ohùn ìlú wọn, nítorí ohùn Ọ̀kà kì í ṣe ohùn Àrìgìdì, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ kú nínú èdè. Láti ọdún 1999 ni yunifásítì ti wà ní Àkùngbá. Kò sí ìdí tí àwọn ọmọ ibẹ̀ kò fi lè mú irú iṣẹ́ yìí ní ọ̀kúnkúndùn, níwọ̀n bí ilé àwọn ìyá wọ̀nyí kò ti jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn. Èkejì, kí olúkúlùkù ìjọ gbé ìwé ìrìbọmi rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí a ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí a sì pa á mọ́ sí ibi méjì.

Ẹ̀kẹta ni ó rọrùn jùlọ, kò sì ní ná wa ní kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ ìrìbọmi tí ó ń bọ̀, nígbà tí àlùfáà bá kọ iṣẹ́ baba tán, kí ó yí ojú sí ìyá tí ó gbé ọmọ lọ́wọ́, kí ó bi í pé: Ìwọ ńkọ́, kí ni iṣẹ́ rẹ? Kí ó sì kọ ọ́ sí etí ìlà, níbi tí àwọn aṣòfin ọdún 1812 kò fi àyè sílẹ̀ fún un.